Ìbọn Wà Lára Mi, Ọlọ́pàá sì Dá Mi Dúró: Ṣé Kí N Sọ Ni àbí Kí N Dákẹ́?

Arákùnrin kan tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ló kọ̀wé sí mi. Ó ní green card ni òun ń lò, pé òun ra ìbọn pélébé kan lẹ́yìn tí olè fọ́ ọkọ̀ òun, òun sì ti gba ìwé àṣẹ ìgbébọn ti ìpínlẹ̀ náà. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó mi ní bí ọlọ́pàá bá dá mi dúró lójú títì, kí n tètè sọ fún un pé ìbọn wà lára mi, kó tó béèrè ohunkóhun. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní kí n pa ẹnu mi dé, pé òfin Texas ti yí padà, kò sẹ́ni tí mo jẹ ní àlàyé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Lóṣù Kejìlá, a fẹ́ wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Maryland, mo sì fẹ́ mú un dání.”

Níwọ̀n ìgbà tí o ti pè mí ní ẹ̀gbọ́n, bí ẹ̀gbọ́n ni màá ṣe dá ọ lóhùn. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kíkọ́ni ní ìbọn yíyìn àti òfin tó rọ̀ mọ́ ọn. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti kóòtù, ọ̀dọ̀ lọ́yà ni kí o sá lọ. Ìyàwó rẹ sún mọ́ òótọ́ ju ọ̀rẹ́ rẹ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn méjèèjì ń jà lé lórí kọ́ ló ń pa èèyàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ń sọ, ìgbà tó yẹ kó là àti ìgbà tó yẹ kó padé. Ọwọ́ ni kí o kọ́kọ́ ronú sí.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Falcon Heights, ìpínlẹ̀ Minnesota, ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje ọdún 2016. Ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Jeronimo Yanez dá Philando Castile dúró, ó ní iná bíréèkì ọkọ̀ rẹ̀ kò tàn dáadáa. Ẹni ọdún 32 ni Castile, ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ìwé àṣẹ ìgbébọn rẹ̀ sì pé. Ọlọ́pàá ní kó mú láísẹ́ǹsì àti ìwé inṣọ́ránsì wá. Castile na ìwé inṣọ́ránsì sí i. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú “sà” lẹ́nu, sọ fún un pé ó yẹ kí òun jẹ́ kó mọ̀ pé ìbọn wà lára òun. Ọlọ́pàá ní kó má fọwọ́ kàn án. Castile ní òun kò fà á yọ. Kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu, ọlọ́pàá ti yìnbọn, ẹ̀ẹ̀méje ló yìn ín. Ọ̀rẹ́bìnrin Castile wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin tí ọ̀rẹ́bìnrin náà bí sì wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́bìnrin náà ní láísẹ́ǹsì tí ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ béèrè ni Castile ń nawọ́ sí. Ọlọ́pàá ní ìbọn lòun rò pé ó ń mú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá náà láre.

Mi ò di ẹ̀bi ru ẹni tó ti kú. Ọkùnrin yẹn ṣe ohun tí ìyàwó rẹ ní kí o ṣe, ó sì ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lójú tèmi, ọlọ́pàá ló ṣìṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èmi àti ìwọ ti lè jókòó kọ́ ọlọ́pàá tó máa dá ọ dúró lọ́la ní ìwà. Ara wa la lè kọ́. Ohun tó sì yẹ kí a rí dì mú níbẹ̀ ni pé àṣẹ méjì kọlu ara wọn: wọ́n ní kó mú ìwé wá, wọ́n sì tún ní kó má fọwọ́ kan ìbọn, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà lójú ọ̀nà síbi kan tí ojú ọlọ́pàá kò dé. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú níí yọ ọfà lápó. Òótọ́ ni. Àmọ́ lójú títì Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ìbọn ní ìbàdí, ọ̀rọ̀ rere pàápàá lè yọ ọfà bí ọwọ́ bá ń rìn nígbà tí ẹnu ń sọ ọ́.

Nítorí náà, ìdajì iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ti parí kí o tó tan ọkọ̀ nílé. Má jẹ́ kí ibi tí ìwé wà àti ibi tí ìbọn wà sún mọ́ra láéláé. Bí o bá ń de ìbọn mọ́ ìbàdí ọ̀tún, tí pọ́ọ̀sì rẹ sì wà lápò ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, o ti gbé ìjàngbọ̀n sára, nítorí kò sí bí o ṣe máa mú ọ̀kan tí kò ní dà bíi pé èkejì lò ń mú. Yọ láísẹ́ǹsì ìwakọ̀, ìwé àṣẹ ìgbébọn àti inṣọ́ránsì jáde kí o tó gbéra, kó wọn sínú àpò pẹlẹbẹ kan, kí o sì há a mọ́ ìbòòrùn tó wà lókè orí rẹ, níbi tí ẹni tó dúró lẹ́nu fèrèsé ti lè rí ọwọ́ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú àpótí iwájú ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó ìwé sí ni ibi tó burú jù láti fi ìbọn pa mọ́. O ṣí i láti mú inṣọ́ránsì, irin dúdú ló kọ́kọ́ yọ.

Ìbọn fúnra rẹ̀, inú àkọ̀ gidi ni kó wà, àkọ̀ tó bo ibi tí ìka ń fà. Má sọ ọ́ sáàárín ìjókòó méjì, má kì í sábẹ́ itan. Lábẹ́ òfin Texas, bí ìbọn pélébé bá hàn síta nínú ọkọ̀, àfi kí ẹni tó gbé e ti pé ọdún 21 tàbí kó ní ìwé àṣẹ ìgbébọn, kí ìbọn sì wà nínú àkọ̀. Èmi fẹ́ràn kó má tilẹ̀ hàn rárá.

Ó wá ku ìgbà tí iná pupa àti búlúù bá ń kọ mànà lẹ́yìn rẹ. Ta iná ọ̀tún kí ọlọ́pàá mọ̀ pé o ti rí òun, dẹ ẹsẹ̀, wá ibi tó mọ́lẹ̀, tó sì jìnnà díẹ̀ sí ojú ọ̀nà, kí o páàkì. Pa ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ alẹ́, tan iná inú ọkọ̀. Sọ gíláàsì kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ bó bá ní tíntì. Bí o bá ń bá ìyá ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, gé e. Ohùn tó ń jáde láti inú ọkọ̀ ní èdè tí ọlọ́pàá kò gbọ́ kò ràn ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, fóònù dúdú lọ́wọ́ lálẹ́ sì lè dà bí ohun mìíràn. Kó ọwọ́ méjèèjì lé orí sítíárìn, ní òkè, kí ìka là. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ ti tán kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Bó bá ti ń rìn bọ̀, ọwọ́ rẹ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó jókòó.

Àwa tí a dàgbà ní Nàìjíríà ní àwọn ìwà kan tó yẹ kí a bọ́ sílẹ̀ níbí. Nílé, bí ọlọ́pàá bá dá ọ dúró, o lè sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, kí o kí i, kí o ṣàlàyé, kí o pa á lẹ́rìn-ín. Níbí, ẹni tó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá bá ọlọ́pàá, ìhàlẹ̀ ni wọ́n kà á sí, bó ti wù kí ẹ̀rín rẹ̀ dùn tó. Jókòó síbi tí o wà. Ọwọ́ tí a fi ń sọ̀rọ̀, tí a fi ń bẹ̀bẹ̀, tí a ń pa pọ̀ láti sọ pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú”, gbogbo rẹ̀ ni kó wà lórí sítíárìn. Wọ́n kọ́ wa pé kí ọmọdé má wo àgbà lójú. Ọlọ́pàá tó ń bi ọ́ ní ìbéèrè tí o ń wo ilẹ̀ lè rò pé o ń pa nǹkan mọ́. Wò ó lójú díẹ̀, fi ohùn tó ṣe kedere dáhùn, má sáré sọ̀rọ̀, pàápàá bí ohùn ilé bá ṣì wúwo lẹ́nu rẹ. Ti “sà” yẹn, má dín in kù. Ní ti owó, mi ò rò pé ó yẹ kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́: ẹni tó bá fi owó há sínú láísẹ́ǹsì fún ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ti sọ tíkẹ́ẹ̀tì lásán di ẹ̀wọ̀n.

Ẹ wá sí orí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fà. Ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́ ìdajì. Òfin kan tí wọ́n ń pè ní HB 1927 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Texas ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Òun ló gbà kí ẹni tó ti pé ọdún 21, tí òfin kò sì kà á léèwọ̀ fún láti ní ìbọn, máa gbé ìbọn pélébé láìgba ìwé àṣẹ kankan. Òfin Texas kò sì pàṣẹ fún ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó dédé sọ fún ọlọ́pàá. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ ti gbàwé. Òfin tó de ẹni tó gbàwé ṣì wà: bí ìbọn bá wà lára rẹ, tí ọlọ́pàá sì ní kí o fi ìdánimọ̀ rẹ hàn, láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ àti ìwé àṣẹ ìgbébọn ni kí o kó sílẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọlọ́pàá ti tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí láísẹ́ǹsì rẹ sínú kọ̀ǹpútà, tó sì ti rí i níbẹ̀ pé o ní ìwé náà. Bó bá rí i, tó bi ọ́, tí o sì ń yí ọ̀rọ̀ po, kí lo fẹ́ kó rò?

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o dúró dìgbà tó bá béèrè ìwé, nítorí ìbéèrè yẹn ló máa mú ọwọ́ rẹ kúrò lórí sítíárìn. Kí ọwọ́ tó kúrò, kí ẹnu sọ ọ́. Má sì jẹ́ kí orúkọ ìbọn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde. Ní òpópónà tí ọkọ̀ ń pariwo, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló lè gbọ́. Bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Sọ fún un pé o ní ìwé àṣẹ ìgbébọn ti Texas, pé o gbé e lónìí, pé ìbàdí ọ̀tún ló wà, pé láísẹ́ǹsì rẹ wà lókè orí rẹ níbí, kí o sì bi í bó ṣe fẹ́ kí o ṣe é. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Má mira. Dúró títí yóò fi fún ọ ní àṣẹ, kí o tún àṣẹ náà sọ kó gbọ́, kí o tó fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú ìwé, jẹ́jẹ́. Bó bá fún ọ ní àṣẹ méjì tó takora, bí irú èyí tí Castile bá pàdé, má gbìyànjú láti mú èyíkéyìí ṣẹ. Fi ọwọ́ sí ibi tó wà, sọ pé o kò mira, kí o sì bi í èwo ló fẹ́. Èyí ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù fún àwọn tí mò ń kọ́, òun sì ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, nítorí ara èèyàn máa ń fẹ́ gbọ́ràn kíákíá.

Ó lè ní òun máa gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ fún ìgbà díẹ̀. Òfin Texas fún un láyè bó bá rí i pé ààbò ń fẹ́ ẹ, ó sì gbọ́dọ̀ dá a padà kó tó jẹ́ kí o máa lọ, àyàfi bí ó bá mú ọ. Má fi ọwọ́ ara rẹ yọ ọ́ fún un. Jẹ́ kó yọ ọ́ fúnra rẹ̀, tàbí kó ní kí o sọ̀ kalẹ̀ kó lè yọ ọ́. Bó bá dá a padà pẹ̀lú ọta lọ́tọ̀, má ṣe kó ọta sínú rẹ̀ níbẹ̀. Jẹ́ kó ti lọ.

Bó bá ní kí o sọ̀ kalẹ̀, sọ̀ kalẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ láti ọdún 1977, nínú ẹjọ́ Pennsylvania àti Mimms, pé ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ dúró lọ́nà òfin lè ní kí awakọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbọn gan-an ló sì wà nídìí ẹjọ́ yẹn: ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀, ọlọ́pàá rí i pé nǹkan wú lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n bá ìbọn. Láti ọdún 1997, àṣẹ yìí ti kan àwọn èrò inú ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n sísọ̀ kalẹ̀ yàtọ̀ sí gbígbà pé kí wọ́n tú ọkọ̀ rẹ. Bó bá béèrè bóyá òun lè yẹ inú ọkọ̀ wò, o lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá, pé o kò fọwọ́ sí i. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Bó bá yẹ̀ ẹ́ wò síbẹ̀, má dí i lọ́wọ́, má bá a jiyàn. Lọ́yà ló máa gbé ìyẹn síwájú adájọ́, ẹ̀gbẹ́ títì kì í ṣe kóòtù. O lẹ́tọ̀ọ́ láti má dáhùn ìbéèrè nípa ibi tí o ti ń bọ̀ àti ohun tí o lọ ṣe. O sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ya fídíò: ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí Texas wà lábẹ́ rẹ̀ ti fọwọ́ sí i ní 2017 pé ará ìlú lè ya ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́. Kìkì pé kí fóònù ti wà lórí ìgbékalẹ̀ rẹ̀ kó tó dé. Fídíò tí èèyàn torí rẹ̀ nawọ́ sápò kò tó nǹkan tí à ń kú fún.

Ohun kan wà tí o kò béèrè, tó sì wúwo ju èyí tí o béèrè lọ. Green card lò ń lò. Òfin àpapọ̀ gbà kí ẹni tó ní green card ra ìbọn, kó sì ní in. Ṣùgbọ́n òfin ìwọ̀lú sọ pé àlejò tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi fún rírà, títà, lílò, níní tàbí gbígbé ìbọn lòdì sí òfin èyíkéyìí, wọ́n lè lé e padà sílé. Kò sọ pé ó di dandan kó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ohun tí ọmọ ìlú máa san owó ìtanràn lé lórí, tó máa lọ sílé lọ sùn, ó lè gba green card lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn ogún ọdún. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ̀sùn ìbọn kàn ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ọ́ láti gba ẹ̀bi kékeré kí ọ̀rọ̀ lè tán kíá, láìjẹ́ pé lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú ti wò ó.

Lórí èyí kan náà: fọ́ọ̀mù 4473 tí o kọ nígbà tí o ra ìbọn béèrè ìlú tí o ti jẹ́ ọmọ onílùú. Bí o bá tún fẹ́ ra òmíràn, kọ òótọ́. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ Amẹ́ríkà nígbà tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀ ti bẹ́ sínú kànga. Igbó ńkọ́? Bí ìpínlẹ̀ kan bá tilẹ̀ fàyè gbà á, òfin àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó ń mu ún ní ìbọn. Bí àbúrò rẹ tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ bá sì wá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ gbé lọ́dọ̀ rẹ, má fi ìbọn sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o. Àwọn tó wá pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn tàbí ọta, yàtọ̀ sí àwọn àyè díẹ̀ bí ti ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Kí o sọ fún un pé “bá mi dì í mú kí n sọ̀ kalẹ̀ ra epo” ti tó láti kó òun àti ìwọ sí wàhálà.

Ìrìn àjò Maryland. Fi ìbọn sílẹ̀ nílé. Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé àṣẹ Texas ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n òfin tí o máa bá lẹ́nu ọlọ́pàá ń yí padà bí o ṣe ń kọjá ààlà. Ní Louisiana, níbi tí o máa kọ́kọ́ wọ̀, ẹni tó ní ìwé àṣẹ tó sì gbé ìbọn gbọ́dọ̀ sọ fún ọlọ́pàá tó bá tọ̀ ọ́ wá, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá béèrè. North Carolina náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí o bá dé Maryland, ìwé rẹ ti di ìwé lásán: Maryland kì í gba ìwé àṣẹ ìgbébọn ìpínlẹ̀ mìíràn, Washington, D.C., tí o máa fẹ́ kọjá létí rẹ̀ kì í gbà á bákan náà. Òfin tó ní kí èèyàn má gbé ìbọn dé ibi tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí ilé ẹ̀kọ́ tún wà, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà nínú rẹ̀ ló ń yọ èèyàn nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà jíjìn, èèyàn kò mọ iye ilé ẹ̀kọ́ tí òun ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

Ọ̀rẹ́ rẹ lè sọ fún ọ pé òfin àpapọ̀ ti ọdún 1986 dáàbò bo arìnrìn-àjò. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ìbọn kò bá ní ọta nínú, bó bá wà ní títì pa nínú búùtù níbi tí ọwọ́ kò tó o, tí ó sì bófin mu fún ọ láti ní in, kí o sì gbé e, níbi tí o ti gbéra àti níbi tí ò ń lọ. Ibi tí ò ń lọ ni Maryland, àlàyé ti kọsẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ọkùnrin kan tó ń ti Utah lọ sí Pennsylvania gbára lé òfin kan náà. Ọkọ̀ òfurufú já a sílẹ̀ ní Newark, ìpínlẹ̀ New Jersey, ó gba ẹrù rẹ̀, ó lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó padà dé pápákọ̀ lọ́jọ́ kejì, tó sọ fún wọn pé ìbọn wà nínú ẹrù òun gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe ní kó ṣe, wọ́n mú un. Ní 2010, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní òfin náà kò dáàbò bò ó, nítorí ẹrù náà wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 2013, obìnrin ará Philadelphia kan, abiyamọ, tó ní ìwé àṣẹ Pennsylvania, wakọ̀ wọ New Jersey bákan náà. Ọlọ́pàá dá a dúró lórí bó ṣe yí ojú ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun, tó sì fi ìwé hàn. Wọ́n mú un, ẹ̀wọ̀n ọdún mélòó kan sì ń wò ó lójú. Gómìnà ló foríjì í ní 2015. Ọmọ ìlú ni, kì í ṣe àlejò. Rò ó wò fún ara rẹ.

Àwọn ibi tí o kò gbọ́dọ̀ gbé e wọ̀ ní Texas, o ti kọ́ wọn ní kíláàsì, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: ilé ọtí tó gbé àmì 51% pupa sógiri (ìyẹn ibi tí ọtí ti ń mú ju ìdajì owó rẹ̀ wá), ilé ẹ̀kọ́, kóòtù, ibi tí onílé bá lẹ àmì òfin 30.06 tàbí 30.07 mọ́, pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ìbọn wọlé. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń mú àwọn èèyàn wa jù, nítorí òfin àpapọ̀ tó de ibẹ̀ kan ààyè ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ pẹ̀lú. Má tún mu ọtí pẹ̀lú ìbọn lára, ì báà jẹ́ òde ìsọmọlórúkọ.

Bí Ọlọ́run kò bá gbà, tí o ní láti yọ ọ́ dáàbò bo ara rẹ, ohun tó kù lẹ́yìn náà ni pé àwọn ọlọ́pàá tó ń sáré bọ̀ kò mọ ẹni tó jẹ́ olè. Ní Arvada, ìpínlẹ̀ Colorado, ní oṣù Kẹfà 2021, Johnny Hurley yìnbọn pa apànìyàn tó ti pa ọlọ́pàá kan, ó sì lọ gbé ìbọn ńlá ẹni náà kúrò nílẹ̀. Ọlọ́pàá tó dé rí i pẹ̀lú ìbọn yẹn lọ́wọ́, ó yìn ín, ó kú. Ní 2018, ní ilé ìtajà ńlá kan ní Hoover, ìpínlẹ̀ Alabama, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan, Emantic Bradford, fa ìbọn tirẹ̀ yọ nígbà tí ẹlòmíràn yìnbọn. Ọlọ́pàá pa á, wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ọ̀daràn, kí wọ́n tó wá sọ pé kì í ṣe òun ló yìnbọn. Bí ewu bá ti kúrò lójú, dá ìbọn padà sínú àkọ̀ tàbí kí o gbé e sílẹ̀, pe 911, sọ irú ẹni tí o jẹ́ àti aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ, kí ọwọ́ rẹ sì ṣófo nígbà tí wọ́n bá dé. Má fọwọ́ kan ìbọn ẹlòmíràn.

Sọ fún ìyàwó rẹ pé mo kí i. Òun náà ní ipa tirẹ̀: bí wọ́n bá dá yín dúró, kó gbé ọwọ́ lé itan, kó má wá nǹkan nínú báàgì, kó má bá ọ dáhùn. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn, ẹ ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pariwo pé “ìbọn Dádì”. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ ti ìbọn mọ́ inú àpótí, kí o fi àkọ̀ òfìfo sí ìbàdí, kí ẹ jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé. Kí ìyàwó rẹ wá dúró lẹ́nu fèrèsé bí ọlọ́pàá, kó béèrè láísẹ́ǹsì, kó fún ọ ní àṣẹ méjì tó takora lójijì, kó sì máa wo ibi tí ọwọ́ rẹ ń lọ. Bó bá lọ sí ìbàdí lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ wá ibòmíràn fún ìwé, kí ẹ tún un ṣe.